Kẹ́tùlù Àlùwàlá Inú Ilé Ẹ̀rọ

Ọdún márùndínlógójì ni Láńrewájú Ògúndìran fi ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n sì gbà á pé kó máa ṣọ́. Mo ní kó máa ṣọ́, n kò ní kó máa tàn. Ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ni jẹnẹrétọ̀ náà fi ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá rí epo dísù rà, bátìrì á ti kú. Bí wọ́n bá rí bátìrì rà, ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí ìwé dísù á ti lọ ìsinmi. Ọ̀rẹ́ mi a máa dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ, á fi àkísà nu ara ẹ̀rọ náà títí á fi máa dán, á jókòó tì í, á ka ìwé ìròyìn, nígbà tó bá di aago mẹ́rin, á máa bọ̀ nílé. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ara ògiri kan àti ìwé ẹ̀rí pé ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ dunjú.

Èmi náà ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe ní tèmi, Tíṣà náà ló sì ń pè mí títí di òní. Ilé kan náà la jọ háyà ní àdúgbò Igbona ní Òṣogbo, yàrá rẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Bí ẹ bá rí i tí mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ẹ mọ̀ pé kò sí ẹni tí mo fẹ́ràn jù ú lọ ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Kí ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́ tèmi náà wà nínú ọ̀ràn náà.

Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ rélùwéè nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń fi èédú rìn. Láńrewájú kì í jẹun tán kó má sọ ọ́. Iná lásán ni bàbá òun fi wa ọkọ̀ láti Òṣogbo dé Ọ̀ffà, kò sí ẹ̀kán epo kan níbẹ̀. Ìdílé Ògún ni wọ́n. Òun kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kì í lọ mọ́sálásí. Lọ́dọọdún ló ń lọ bá wọn bọ Ògún ní agboolé wọn, bí Iléyá bá sì dé, á lọ jẹ ẹran nílé àna rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan bi í ní ìbéèrè. Mùsùlùmí ni Nọ́síràtù ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti jọ wà, n kò sì gbọ́ kí wọ́n jà nítorí ẹ̀sìn rí. Bí Nọ́síràtù bá fẹ́ kírun, ọkọ rẹ̀ á dín ohùn rédíò kù. Ìfẹ́ náà nìyẹn, bí ẹ bá bi mí.

Nígbà tí ìyá Nọ́síràtù kú, ẹ̀rọ ìlọ ẹ̀gẹ́ kan ló fi sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹ̀rọ dísù ni, ti ayé àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí kó tó dìde. Òun ni àwọn obìnrin onígààrí àdúgbò náà ń lò láti ìgbà tí Nọ́síràtù ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àfi bí dísù ṣe di ohun tí wọ́n ń fi ìgò wọ̀n bí oyin. Kẹ́ẹ̀gì kan ni ẹ̀rọ náà ń mu lójúmọ́, ohun tó sì ń pa wọlé kò tó ohun tó ń mu. Alfa Mùíbì, àbúrò Nọ́síràtù lọ́kùnrin, tó ti di olórí ẹbí, ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Nọ́síràtù sunkún. Ó ní nínú ariwo ẹ̀rọ yẹn ni ìyá òun ti tọ́ òun dàgbà, pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ ni ìyá òun tó kú gan-an. Àánú rẹ̀ ṣe ẹbí, wọ́n ní ó dáa, kó di Iléyá. Bí ẹ̀rọ náà bá lè ṣiṣẹ́ láìmu dísù wọn gbẹ títí di ìgbà náà, kó dúró. Bí kò bá lè ṣe é, kí àwọn onírin wá gbé e. Oṣù mẹ́rin ló kù.

Ìgbà náà ni Láńrewájú rí fídíò kan lórí fóònù. Àwọn òyìnbó kan ni, wọ́n ń fi igi wa ọkọ̀. Ó gbé e wá fi hàn mí ní òwúrọ̀ kùtù, kí n tó fọ ẹnu. Wọ́n ń dáná igi nínú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n dé pa, tí atẹ́gùn kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ̀, kí igi náà má baà jó bó ṣe fẹ́. Èéfín tó bá ti ara rẹ̀ jáde ni wọ́n á fi páìpù fà, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á wá darí rẹ̀ sí ibi tí ẹ̀ńjìnnì ń gbà fa atẹ́gùn. Ẹ̀ńjìnnì á sì máa jó o bí ẹní ń jó epo. Láńrewájú ní èyí gan-an ni iṣẹ́ bàbá òun. N kò bá a jiyàn, nítorí mo fẹ́ fọ ẹnu.

Gáàsì igi ló pè é, orúkọ yẹn ló sì dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ní Igbona, gáàsì ni èyí tó wà nínú sìlíńdà, tí à ń fi dín ẹyin. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, lẹ́nu àwọn obìnrin onígààrí wọ̀nyẹn, dísù ni gáàsì. Láti ayé àwọn awakọ̀ akẹ́rù tó ń wá kó kòkó ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọn kò sì rí ìdí tí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Láńrewájú dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn obìnrin ẹbí ìyàwó rẹ̀, tó ní òun ti mọ bí a ṣe ń mú gáàsì jáde láti ara igi, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ó fẹ́ máa fún dísù lára igi bí wọ́n ṣe ń fún epo lára ẹyìn. Inú wọn dùn jọjọ. Wọ́n gbàdúrà fún un. Ó rò pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló ń dùn mọ́ wọn nínú bẹ́ẹ̀.

Odidi oṣù kan ló fi ṣe é. Òṣogbo ló ti rí dúrọ́ọ̀mù méjì, ó fún wẹ́dà kan ní ìyọnu títí ọ̀hún fi ń sá fún un. Èèpo àgbọn gbígbẹ ló kì sínú dúrọ́ọ̀mù kejì kó máa sẹ́ èéfín. Igi kòkó ló yàn láti máa jó, nítorí ó pọ̀ lóko ẹbí, ó sì gé e wẹ́wẹ́ bí ègé iṣu, ó sá a títí ó fi gbẹ. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, iṣẹ́ náà dára. Ọwọ́ tó nu jẹnẹrétọ̀ fún ọdún márùndínlógójì mọ bí a ṣe ń tọ́jú irin.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ dán an wò fáyé rí, kẹ́ẹ̀gì mọ́kàndínlógún ni mo kà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ. Ìyá kan gbé méjì wá, ó ní ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ òun tó ń wa ọkọ̀ ní Ẹ̀sà-Òkè. Láńrewájú rò pé omi ni wọ́n fẹ́ lọ pọn lẹ́yìn náà. Ó dáná sí dúrọ́ọ̀mù, ó fi dísù díẹ̀ jí ẹ̀rọ náà, nígbà tó dìde, ó ṣí gáàsì igi sí i, ó sì ń pa dísù kù díẹ̀díẹ̀. Ohùn ẹ̀rọ náà yí padà, ó rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú. Wọ́n da ẹ̀gẹ́ sí i, ó lọ̀ ọ́. Orí mi wú.

Àwọn obìnrin náà kò wo ẹ̀gẹ́. Ìdí dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n wà, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á gbé kẹ́ẹ̀gì sí. Ìyá Ọmọ́tárá, olórí àwọn onígààrí, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún tó sì ṣì ń gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, bi í pé níbo ni gáàsì náà ti ń jáde. Láńrewájú fi ọwọ́ han páìpù. Ìyá gbé ọwọ́ sí ìdí rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Láńrewájú ní kò lè rí i, afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè bóyá afẹ́fẹ́ náà ni wọ́n á rọ sínú kẹ́ẹ̀gì gbé lọ sílé, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ọmọ́tárá kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ síbi táǹkì ẹ̀rọ, ó ṣí i, ó wo inú rẹ̀.

Ó ní, “Àna wa, ùṣẹ́ rẹ dáa. Ṣùgbọ́n gáàsì rèé nínú táǹkì, òun ni ẹ̀rọ ń mu. O kàn ń fi igi dáná fún wa ni.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Iwájú àna ló wà, iwájú ìyàwó rẹ̀, iwájú èmi náà. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, á ṣàlàyé pé gáàsì tòun àti gáàsì tiwọn kì í ṣe ọ̀kan náà, gbogbo wa á sì lọ jẹun. Láńrewájú mú sípánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu, ó gé e jẹ. Mùsùlùmí ni, onígbàgbọ́ ni, kò sí ẹni tí wọ́n bí ní ilẹ̀ yìí tí kò mọ ìtumọ̀ kí ọmọ Ògún gé irin jẹ.

Ó ní, “Mo fi Ògún búra, ẹ̀rọ yìí kò ní mu gáàsì nínú táǹkì yìí mọ́ láyé. Bó bá mu ún, kí Ògún bá mi jà.”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó fa dísù inú táǹkì náà gbẹ, ó dáná igi, ó yí ẹ̀rọ títí apá rẹ̀ fi wú. Ẹ̀rọ kò dáhùn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi yí i. Nígbà tó sú mi, mo fà á lọ bá mẹ́kánííkì kan ní Iléṣà, ẹni náà sì fi ìṣẹ́jú méjì ṣàlàyé fún wa, bó ṣe ń jẹ mọ́ínmọ́ín lọ. Ẹ̀ńjìnnì dísù kò ní pílọ́ọ̀gì tó ń tanná. Ó máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí á fi gbóná, gbígbóná yẹn ló ń ran dísù. Gáàsì igi kì í ran ara rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí dísù díẹ̀ tó máa ṣáná sí i, ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó ń mu tẹ́lẹ̀. Ó ní bí a bá fẹ́ kó má mu rárá, a ó tú orí ẹ̀ńjìnnì náà, a ó kan pílọ́ọ̀gì mọ́ ọn, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ó wá bi Láńrewájú pé iṣẹ́ wo ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Láńrewájú ní iṣẹ́ ọ́fíìsì.

Nínú mọ́tò, mo ní kó lọ sọ fún wọn. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún dísù wọn ló ti bá wọn dín kù, ta ni kò ní dúpẹ́? Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. Ó ní òun ti fi ẹnu kan irin.

Ní ọjọ́ kẹta, ó kan ilẹ̀kùn mi, ojú rẹ̀ sì ti mọ́.

Ó ní, “Tíṣà, ìwọ lo kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá. Ṣé n kò sọ pé ‘nínú táǹkì yìí’ lọ́jọ́ náà?”

Mo ní ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, “Ṣé kẹ́tùlù ni wọ́n ń pè ní táǹkì?”

Ibi tí ọwọ́ mi ti wọ̀ ọ́ nìyí. Ó yẹ kí n lé e padà sí yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ọgbọ̀n ọdún máa fa igi pupa sí ìwé ọmọ ọlọ́mọ, bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè gírámà, á dáhùn. Mo ní bí a bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀, kẹ́tùlù kì í ṣe táǹkì. Ó dì mọ́ mi.

Kẹ́tùlù náà jẹ́ èyí tí Nọ́síràtù ti fi ń ṣe àlùwàlá tẹ́lẹ̀ kó tó ra òmíràn. Láńrewájú fi ìṣó kan gbé e kọ́ sára ògiri inú ilé ẹ̀rọ, ó ki rọ́bà tínínrín bọ ẹnu rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára ní ọsibítù, ó gba abẹ́ pákó kan mú un dé ẹ̀yìn ẹ̀ńjìnnì. Ó kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn kí wọ́n má wọ ibẹ̀, nítorí èéfín gáàsì igi lè pa ènìyàn láìjẹ́ kó gbóòórùn rẹ̀. Òótọ́ ni. Òótọ́ tó wúlò fún un tó bẹ́ẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí. Èmi ni mo sì ń bá a gbé dísù láti Òṣogbo lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nínú ike omi, lábẹ́ búrẹ́dì.

Ẹ̀rọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Kò sí gáàsì nínú táǹkì, ẹni tó bá fẹ́ lè ṣí i wò. Àwọn onígààrí tó ti ń gbé ẹ̀gẹ́ wọn lọ sí àdúgbò mìíràn padà wá. Ìyá Ọmọ́tárá fúnra rẹ̀ mú iṣu wá bẹ àna rẹ̀ pé kó má bínú. Nọ́síràtù tó ń gbé Igbona tẹ́lẹ̀ di ará Ìmẹ̀sí-Ilé padà, ọkọ rẹ̀ sì bá a kó lọ, orí àpótí ìyá rẹ̀ ló ń jókòó sí, ó sì sanra.

Òun ló kọ́kọ́ rí kẹ́tùlù náà láti ẹnu ọ̀nà. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé kí ni kẹ́tùlù ń ṣe níbẹ̀. Láńrewájú ní ohun tí kẹ́tùlù ń ṣe níbi gbogbo náà ni. Nọ́síràtù kò bi í mọ́. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ fojú inú wò ó bí wọ́n ṣe ń wò ó. Lójoojúmọ́, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ọkùnrin kan tí gbogbo ìlú mọ̀ sí ọmọ Ògún á yọ́ gbé kẹ́tùlù jáde, á wẹ̀yìn wò, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ, á lóṣòó sẹ́yìn ògiri fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á wá máa nu ọwọ́ bọ̀. Dísù ló ń rọ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ohun kan ṣoṣo ló ń gbé àgbàlagbà dé ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú kẹ́tùlù ní àkókò ìrun. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé Ògúndìran ti gba ẹ̀sìn, ojú ló ń tì í.

Alfa Mùíbì tó ti ń wàásù fún un fún ogún ọdún láìrí ohun kan mú bọ̀ gbọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó kéde rẹ̀ ní mọ́sálásí. Ó ní ẹ̀rọ ni àwọn ènìyàn ń wí pé ó yí padà, wọn kò mọ̀ pé olówó orí Nọ́síràtù ló yí padà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Alfa. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Ìbòkun fi pè é pé kó wá bá àwọn náà sọ bí òun ṣe ṣe é, ó sì lọ. Ó tún sọ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Sùlèmọ́nù, inú sì ń bí mi. Láńrewájú kò gbà, kò kọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ òótọ́. Ó ní òun kò purọ́ fún ẹnì kankan. Òótọ́ ni, kò purọ́. Kẹ́tùlù ló ń bá a pa irọ́.

Ohun tó dùn mí kò ju ẹyọ kan lọ. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé ike omi wọ̀nyẹn dé, Nọ́síràtù bu iṣu fún mi, ó wá ṣí àpótí rẹ̀, ó fi ẹní ìkírun tuntun kan hàn mí, ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀.

Ó ní, “Tíṣà, mi ò ní bi í. Láti ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run láìjẹ́ kó mọ̀. Bó bá ti wá sọ fún mi fúnra rẹ̀, màá fún un.”

Mo jẹ iṣu mi. Ojú tì mí, ó tì mí gan-an, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán.

Iléyá dé. Ní ọjọ́ kẹta rẹ̀, ẹbí péjọ sílé ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Àwọn onírin àlòkù náà ti wá, wọ́n páàkì ọkọ̀ wọn sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń dúró de ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gẹ́ ń jáde ní funfun. Alfa Mùíbì ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ rí. Ó ṣí táǹkì, ó fi iná fóònù yẹ inú rẹ̀ wò. Aláǹtakùn ti ta síbẹ̀. Alfa ní àlùhámúdùlíláì. Ó yíjú sí àwọn onírin láti ní kí wọ́n máa lọ, Nọ́síràtù sì ti fi ọwọ́ bo ojú, ó ń sunkún ayọ̀.

Wọ́n bá pe ìrun Àsárì ní mọ́sálásí tó wà nítòsí.

Alfa fi ọwọ́ lé ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léjìká. Ó ní wọn kò tíì jọ kírun pọ̀ rí, òní gan-an ló yẹ. Ó wo inú ilé ẹ̀rọ, ó rí kẹ́tùlù lára ògiri. Ayọ̀ kò jẹ́ kó ro ti èéfín tó ń pa ènìyàn. Ó wọlé, ó fa kẹ́tùlù yọ lórí ìṣó, rọ́bà já kúrò lẹ́nu rẹ̀, kò kíyè sí i. Láńrewájú na ọwọ́ láti mú un, kò bá a. Alfa bọ́ síta, ó lóṣòó, ó ṣe bísímílà, ó da dísù sọ́wọ́, ó fi fọ ọwọ́ méjèèjì ní kíá, ó sì bù ú sẹ́nu láti yọ ẹnu.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kú.

Ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀, dísù wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n sáré gbé omi fún un, ó yọ ẹnu títí, ó tún ń tutọ́. Àwọn onírin ti dìde lábẹ́ máńgòrò. Láńrewájú dúró, orí rẹ̀ kọ́ sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ògún.

Ìyá Ọmọ́tárá ló gbé kẹ́tùlù nílẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó mì í létí bí ẹni tó ń yẹ ẹyin wò.

Ó ní, “Ìgbà wo lo ti rọ eléyìí sí i?”

Láńrewájú ní ọ̀sán àná ni, òun kò ráyè lónìí.

Ìyá ní, “Láti ọ̀sán àná, ó sì ṣì kù? Láyé ìyá Nọ́sí, kẹ́ẹ̀gì kan là ń rà lójúmọ́. Kẹ́tùlù kan ló kù yìí. Kí lo wá ń fi pamọ́ fún wa?”

Ó wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, bó ṣe gé irin jẹ, bó ṣe jẹ́ pé táǹkì ló dárúkọ, bí Tíṣà ṣe ní kẹ́tùlù kì í ṣe táǹkì. Gbogbo ojú wá sára mi. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú èèpo ẹ̀gẹ́. Ìyá Ọmọ́tárá ní Ògún ti gbọ́ Yorùbá kí wọ́n tó bí èmi àti òun, bó bá fẹ́ bá a jà ni, ì bá ti bá a jà lọ́jọ́ tó gbé kẹ́tùlù kọ́. Ó ní ẹ̀rọ tó ń mu kẹ́tùlù ń bọ́ ara rẹ̀, ó sì ń bọ́ àwọn náà.

Gbogbo wa wo Alfa. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti ní kí àwọn onírin gbé e. Mo rí i tí ó wo ẹ̀rọ, tó wo kẹ́tùlù, tó wo àwọn obìnrin wọ̀nyí tí ẹnu wọn kì í dákẹ́. Mo mọ ohun tó ń rò. Ó ń ro Jímọ̀ yẹn. Ó ń ro Ìbòkun. Bí ẹ̀rọ náà bá lọ lónìí nítorí dísù inú kẹ́tùlù, gbogbo ayé á mọ ohun tó wà nínú kẹ́tùlù.

Ó nu ẹnu rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀rọ yìí kò lọ síbì kankan. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bèèrè ohun tó wà nínú kẹ́tùlù ẹlòmíràn.” Ó wá lọ sí mọ́sálásí, ó ń rùn bí ọkọ̀ akẹ́rù.

Báyìí ni ẹ̀rọ náà ṣe bọ́. Ẹ̀rọ tí a fi làálàá purọ́ nítorí rẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù méjì, òótọ́ ló gbà á là láàárín ìṣẹ́jú kan, òótọ́ tí a ti ní lọ́wọ́ láti ọjọ́ tí a ti Iléṣà dé. Àwọn onírin wa ọkọ̀ wọn lọ. Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín, Láńrewájú náà ti fẹ́ máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nọ́síràtù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti nu omi ojú rẹ̀ nù, ó sì ń wo ọkọ rẹ̀, kò bínú, n kò mọ ohun tí mo lè pè é. Ó wọ inú ilé. Nígbà tó jáde, ẹní ìkírun náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti yọ ọ́ nínú ọ̀rá. Ó kọjá láàárín wa, ó wọ ilé ẹ̀rọ, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ sábẹ́ ìṣó tí wọ́n ń gbé kẹ́tùlù kọ́.

Ó ní, “Kí dísù má baà máa kán sílẹ̀.”

Ó sì padà lọ jókòó sórí àpótí ìyá rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó ń bó ẹ̀gẹ́.

Ó ti tó oṣù mẹ́fà. Mo lọ kí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, dísù wà ní gbangba nínú kẹ́ẹ̀gì kékeré lẹ́bàá ògiri, wọn kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kẹ́tùlù ṣì wà lórí ìṣó, òun ló ṣì ń fún ẹ̀rọ ní dísù, ẹní náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo wò ó dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n rà á, kò sí ẹ̀kán dísù kan lórí rẹ̀. Láńrewájú ní òun kì í jẹ́ kó kán sí i. Láràárọ̀, kó tó dáná sí dúrọ́ọ̀mù, á bọ́ bàtà, á kúnlẹ̀ sórí ẹní náà, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kàn án wò láti òkè dé ìsàlẹ̀ bóyá nǹkan kán sí i. Ojú rẹ̀ kò dáa mọ́, nítorí náà ó ní láti tẹ orí ba gan-an kó tó rí i. Ó ṣe é lójú mi, iwájú orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Mo gbé ojú sókè, mo rí Nọ́síràtù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí, ó ń wò ó, kò sì kọjá níwájú rẹ̀ títí ọkùnrin náà fi dìde.